Ẹja Kì Í Ṣe Ti Etíkun Nìkan



Nígbàkígbà tí ìjọba bá sọ̀rọ̀ ìrànwọ́ fún ẹja sísìn, ohun méjì ni wọ́n máa ń fi lé e: iṣẹ́ fún ọ̀dọ́ etíkun, àti ẹja tí a óò tà sókè òkun. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n àwa tí a wà ní Pénéssoulou níbí ní ìbéèrè kan: ta ni yóò kọ́kọ́ jẹ ẹja náà?

A kò bá àwọn ará Ganvié tàbí Grand-Popo jà. Àtayébáyé ni wọ́n ti ń fi ẹ̀ka igi ṣe àkájà fún ẹja. Ṣùgbọ́n àrọ̀ àti epìyà tí a ń pè ní kárpù kì í ṣe ẹja òkun. Omi tí kò níyọ̀ ni wọ́n fẹ́. Odò Térou tó ń ṣàn ní kọmúùnù Bassila wa ló ń lọ kún Ouémé, Ouémé ló sì ń gbé e dé adágún Nokoué. Odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ.

Ní ti ọjà òkè òkun, ẹ rántí ọ̀rọ̀ edé. Benin ń tà á fún Yúróòpù. Àwọn olùyẹ̀wò ibẹ̀ wá, wọ́n ní ètò ìmọ́tótó wa kò kúnjú òṣùwọ̀n. Ní 2003, ìjọba wa fúnra rẹ̀ dá ọjà náà dúró. Wọ́n ṣí i padà ní 2005, ṣùgbọ́n kò padà sípò bíi ti tẹ́lẹ̀. Ta ni ìyà jẹ? Apẹja àti àwọn ọmọ rẹ̀ ni. Ọjà tó ní ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, kì í ṣe ohun tí a ń gbára lé.

Wọ́n á ní omi wa máa ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àrọ̀ tí a bá dà sómi ní oṣù kẹfà, bí a bá bọ́ ọ dáadáa, lè tó tà ní oṣù Kejìlá, kí kòtò tó gbẹ. Ìrànwọ́ ló kù.

Ohun mẹ́ta la ń bèèrè. Àkọ́kọ́, ibi tí a ó ti máa pa ọmọ ẹja ní Dóńgà wa. Ọmọ ẹja tó bá rìn ju 300 kìlómítà láti Cotonou nínú ooru, mélòó ni yóò dé láàyè? Ìkejì, oúnjẹ ẹja. Òun nìkan ń kó ju ìdajì owó tí olùsìn ẹja ń ná lọ, bẹ́ẹ̀ àgbàdo àti sóyà wà lóko wa. Ìkẹta, kí kàǹtíìnì ilé ẹ̀kọ́ kọ́kọ́ ra ẹja lọ́wọ́ wa. Láti 2017 ni ètò oúnjẹ ilé ẹ̀kọ́ ti wà káàkiri orílẹ̀-èdè. Àwa olùkọ́ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọmọ tó jẹun tó dára àti ọmọ tí ebi ń pa.

Ìmọ̀ náà wà. Láti 2010 ni ètò PROVAC, pẹ̀lú ìrànwọ́ Japan, ti bẹ̀rẹ̀ ní gúúsù: àgbẹ̀ tó mọ̀ ọ́n ń kọ́ aládùúgbò rẹ̀. Ẹ gbé irú rẹ̀ dé Manigri, Bassila àti Pénéssoulou.

Ìjọba kan náà ló pàṣẹ pé láti oṣù kẹrin 2024, kajú àti sóyà tí a kò ì tíì ṣe kò gbọdọ̀ jáde mọ́, kí iṣẹ́ lè wà nílé. Bí ó bá tọ́ fún kajú wa, ó tọ́ fún ẹja. Ẹ jẹ́ kí ọmọ wa jẹ ẹ́ yó, kí ẹ tó kó ìyókù lọ sókè òkun. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Ẹ̀yin ará Kétu, Sábẹ̀ẹ́ àti Kambolé, ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́dọ̀ yín? Ẹ dá sí i.