Ìkẹ́ Tí Ń Gba Ẹsẹ̀ Lọ́wọ́ Àgbà

Ẹni tí ó wọ Kàdúná ní ọmọ ogún ọdún, nígbà tí ilé iṣẹ́ ahunṣọ Kaduna Textiles bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1957, ti lé ní ọmọ ọdún 85 báyìí. Ó yẹ kí àwọn ọmọ Yorùbá tí ń gbé Kinkinau gbé ọ̀rọ̀ irú àwọn àgbà bẹ́ẹ̀ yẹ̀wò.

Bí orúnkún bá ti ń dun Bàbá, àwọn ọmọ a ní kí ó jókòó. Ọmọ-ọmọ a pọn omi ìwẹ̀ fún un, ìyàwó ilé a gbé oúnjẹ tọ̀ ọ́ wá. Ìkẹ́ ni, ta ni yóò sì bá wọn wí? Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí a kò fi rìn, kíákíá ni agbára rẹ̀ ń tán. Ní ọdún 2007, àwọn oníṣègùn ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn àgbàlagbà mélòó kan tí ara wọn le, tí wọ́n ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ 10 péré. Kí wọ́n tó dìde, ẹran ara ẹsẹ̀ wọn ti fi nǹkan bíi kílò kan dín. Kí ni ká wá sọ nípa ìyá arúgbó tí ó ti lo oṣù mẹ́fà nínú yàrá? Láìpẹ́, kò ní lè dá dìde lórí àga. Bí ó bá sì ṣubú lẹ́ẹ̀kan, ìbẹ̀rù kò ní jẹ́ kí ó fẹ́ rìn mọ́.

Ní ìlú baba ẹni, àgbà a máa rí ojúde ẹbí yà sí. Ẹ̀yìn odi kò rí bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà rògbòdìyàn ọdún 2000 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ṣí ibùgbé pa dà ní Kàdúná; ọ̀rẹ́ ojúlé kejì wá di ará òdìkejì odò. Owó tí àwọn ọmọ ń fi ránṣẹ́ láti Èkó kò sì lè ṣe iṣẹ́ ẹsẹ̀.

Kí Ìyá máa ṣa ẹ̀wà, kí ó máa fọ ife tirẹ̀, bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó. Kí ẹnì kan máa tẹ̀lé Bàbá lọ sí mọ́ṣáláṣí tàbí ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí oòrùn bá rọlẹ̀. Kí wọ́n bo gọ́tà ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n sì kan igi ìdìmú mọ́ ògiri ilé ìwẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá kọ̀ lójijì, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ, kí wọ́n má pe é ní ogbó.

Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú tí ó lè dá owó ìsìnkú jọ láàrin ọjọ́ méjì lè yan ọ̀dọ́ méjì tí yóò máa mú àgbà wá sí ìpàdé lóṣooṣù, nígbà tí ó ṣì lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé.