Nípa Ìrètí Wíwọ Yunifásítì

Ní ọdún 2025 JAMB fi máàkì 150 nínú 400 ṣe òdiwọ̀n ìsàlẹ̀ fún wíwọ yunifásítì. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó bá ti kọjá iye yìí a máa pe ara rẹ̀ ní akẹ́kọ̀ọ́ tán. A wí pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Òdiwọ̀n kàn ń ṣí ẹnu ọ̀nà ni. Iye ìjókòó àti iye àwọn tí ń du ú ni í pinnu.

Ní FUTA, Àkúrẹ́, tí í ṣe ti ìjọba àpapọ̀, ìlànà pín àyè 100 báyìí: 45 fún àwọn tí máàkì wọn ga jù, 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ agbègbè rẹ̀, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀. Ṣùgbọ́n Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni ó ni UNIMED tí ó wà ní ìlú Oǹdó. Ìpín yẹn kò dè é.

Àwọn kan lè wí pé irú ìṣirò yìí ń pa ìrètí ọmọ. Àwa kò gbà. Ọdún tí ọmọ bá fi ṣòfò, owó kòkó bàbá rẹ̀ ni ó bá a lọ. Nítorí náà, àwa tí a ó di olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọmọ láti béèrè máàkì tí ẹ̀ka tí ó fẹ́ gbà ní ọdún tí ó kọjá, kí ó tó yàn án.