Ọmọ Tí Ń Yàwòrán: Ẹ Jẹ́ Kí Ó Ya Ti Ara Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ wa lọ́sẹ̀ yìí kan ọmọ tí kò lè rí èédú kí ó má fi ya nǹkan sára ògiri. Àwọn ìyá kan a máa na irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nítorí ògiri. Àwọn bàbá kan a ní ta ni ó ti ibẹ̀ jẹun rí. Èyí tí ó dùn mí jù ni ti ọmọ tí a tilẹ̀ fi sẹ́nu ẹ̀kọ́ náà, tí olùkọ́ wá gbé àwòrán ara kàlẹ́ńdà kalẹ̀ pé kí gbogbo kíláàsì yà á gẹ́lẹ́ bí ó ti rí. Ẹni tí tirẹ̀ bá yàtọ̀, òdo ni yóò gbà. Ọwọ́ ọmọ náà á mọ́ iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò ní í fi ojú ara rẹ̀ wo nǹkan mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a wo Òṣogbo. Ní 1962 ni Dúró Ládípọ̀ àti Ulli Beier dá Mbari Mbayo sílẹ̀ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ìgbò ni Mbari, ṣùgbọ́n àwọn ará Òṣogbo gbọ́ ọ sí "bí mo bá rí i, ma yọ̀". Ní 1964, Georgina Beier kó àwọn ọ̀dọ́ jọ fún iṣẹ́ ọnà, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì kọ́ ọ nílé-ìwé kankan rí. Kò gbé àwòrán síwájú wọn pé kí wọ́n wò ó yà. Ó ń ṣọ́ ibi tí ọwọ́ olúkúlùkù ń fà sí, ó sì ń wá ohun èlò tí ó bá a mu fún un.

Jímọ̀ Bùráímọ̀, tí ń bójú tó iná orí ìtàgé fún ẹgbẹ́ Dúró Ládípọ̀, wà níbẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ ni òun gbá mú. Ìlẹ̀kẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun nílẹ̀ wa, adé ọba ni ẹ̀rí; ṣùgbọ́n òun sín in sókùn, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó, ó di àwòrán. Mùráínà Òyèlámì ará Ìràgbìjí wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀dà ni ó fi ń ya ojú ènìyàn àti ilé. Olùkọ́ kan náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn kò jọra rárá.

Àsírù Ọlátúndé dàgbà jù wọ́n lọ. Alágbẹ̀dẹ ni, àìsàn ni kò jẹ́ kí ó lè ṣe iṣẹ́ agbára mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí fi bàbà ṣe yẹtí wẹ́wẹ́. Nígbà tí a gbà á níyànjú, ó di ẹni tí ń lu igi àti ẹranko jáde lára bàbà àti alumíníọ̀mù pẹrẹsẹ. Bí wọ́n bá ti ní kí ó kọ́kọ́ lọ kọ́ àwòrán bí òyìnbó ti ń yà á ńkọ́?

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa ń ṣiyèméjì lórí yíya ohun ẹlẹ́mìí, ẹnu àwọn àáfà kò sì kò lórí rẹ̀. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á, ọ̀nà kò dí: ìlẹ̀kẹ̀ ń bẹ, àdìrẹ ń bẹ, kíkọ Lárúbáwá lọ́nà ẹwà ń bẹ, irú èyí tí a ń rí lára mọ́sálásí.

Nínú ilé, ẹ fún ọmọ ní ìwé tirẹ̀, kí ògiri lè sinmi. Bí ó bá fẹ́ pa iṣẹ́ tì láàbọ̀, ẹ ní kí ó parí rẹ̀. Bí ó bá sì ya ewúrẹ́ aláwọ̀ aró, ẹ má sọ pé ewúrẹ́ kì í rí bẹ́ẹ̀. Ẹ bi í níbi tí ó ti rí i, kí ẹ sì jókòó gbọ́ ọ.