Yíyan Kábúrétọ̀ fún Ẹ̀rọ Ìgégi



Bí ẹ̀rọ agégi bá kọṣẹ́, oúnjẹ àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó wà nínú ewu. Nítorí náà ni ó ṣe ń kánjú ra kábúrétọ̀ titun, tí owó sì ń ṣòfò. Ẹ kọ́kọ́ wò bóyá ìdọ̀tí ni ó dí asẹ́ epo tàbí ti afẹ́fẹ́. Bí awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ inú kábúrétọ̀ bá sì ti gan, a lè pààrọ̀ òun nìkan.

Bí ó bá di dandan láti ra òmíràn, ẹ má ṣe fi ojú lásán rà á. Ẹ ka orúkọ àti nọ́ńbà tí a tẹ̀ sí ara ti àtijọ́. Lára Stihl 070 ti Jámánì, Tillotson irú HL ni ó wà. Èyí tí a ṣe fún ẹ̀rọ kékeré kò lè rọ́pò rẹ̀. Ẹ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn: ihò afẹ́fẹ́, ihò bóòtù, àti ihò kékeré tí ìmí ẹ́ńjìnnì ń gbà láti fa epo, gbogbo wọn gbọ́dọ̀ dọ́gba.

Ẹ ṣọ́ra gidigidi, nítorí inú bẹntiróòlù ni a ń po òróró ẹ́ńjìnnì yìí mọ́. Kábúrétọ̀ tí ó bá ń fún un ní epo díẹ̀ jù, ó ń fi òróró dù ú pẹ̀lú. Písítìnì yóò gbóná, yóò sì há. Ẹ rántí ohun tí Olúwa wa wí nípa ìrépé aṣọ titun lára ògbólógbòó ẹ̀wù: èyí tí kò bá ara mu a máa sọ yíya di ńlá.