Nígbà Tí Píkọ́ọ̀pù Dísẹ́ẹ̀lì Kò Bá Lè Gun Òkè Mọ́

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ la fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí, kì í sì í ṣe ọkọ̀ ìgbafẹ́. Ọ̀rọ̀ píkọ́ọ̀pù ni, èyí tí bàbá fi ń gbé sìmẹ́ńtì, tí ìyá fi ń kó pòtétò àti tòmátì láti Jos lọ sí Kaduna tàbí wálé sí Ìbàdàn. Nínú ọ̀pọ̀ ilé àwọn èèyàn wa tó wà ní Òkè Ọya, ọkọ̀ yìí ni owó ilé ìwé ọmọ, òun náà ni owó ilé. Bó bá rẹ̀ ẹ́, gbogbo ilé ló rẹ̀.

Bó ṣe sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí: ọkọ̀ á ṣí dáadáa láàárọ̀, á rìn dáadáa lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, ṣùgbọ́n bó bá ti kan òkè tòun ti ẹrù lẹ́yìn, á bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ bí ìgbín. Awakọ̀ á já jíà sí ẹẹ́ta, á já a sí ejì, tírélà á sì máa fọn fèrè lẹ́yìn rẹ̀. Ewu ńlá ni fún ẹni tó bá ti yọ síta láti ya ọkọ̀ mìíràn sílẹ̀, tí agbára wá tán lójú ọ̀nà. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ á dẹtí sí ẹ́ńjìnnì fún ìṣẹ́jú kan, á ní, “Pọ́ńpù ti kú.” Ẹlòmíì á ní kí wọ́n yọ ẹ́ńjìnnì náà sọnù, kí wọ́n ki tọ́kùnbọ̀ oní-pẹtiróò bọ̀ ọ́. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Pọ́ńpù lè bàjẹ́ lóòótọ́, àmọ́ òun ló yẹ ká fura sí gbẹ̀yìn, torí òun ló wọ́n jù, àwọn nǹkan pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tó lè fara jọ ìbàjẹ́ rẹ̀ sì pọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú Hilux àtijọ́ tó ní ẹ́ńjìnnì 3L, èyí tó jẹ́ lítà 2.8 tí kò ní tàbò, torí ó ṣì pọ̀ káàkiri lójú ọ̀nà wa. Agbára rẹ̀ látilé iṣẹ́ kò ju nǹkan bí agbára ẹṣin 90 lọ, nítorí náà, bó bá pàdánù díẹ̀ nínú rẹ̀, ẹ máa mọ̀ ọ́n lára. Kò ní púlọ́ọ̀gì tó ń ta iná. Afẹ́fẹ́ ló máa ń fún mọ́lẹ̀ títí tó fi gbóná débi pé dísẹ́ẹ̀lì tó bá wọ ibẹ̀ á gbiná fúnra rẹ̀. Afẹ́fẹ́, dísẹ́ẹ̀lì tó wọlé lásìkò, àti fífún tó le: bí ọ̀kan bá dín, agbára á dín. (Àwọn kan máa ń pààrọ̀ heater plug nítorí pé ọkọ̀ kò lágbára. Ìgbà tí a bá ń ṣí ọkọ̀ nìyẹn wà fún. Kò kan gígun òkè rárá.)

Kí ẹ tó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé ẹ́ńjìnnì gan-an ló ń ṣàìsàn. Búrékì tó há lè jọ ẹ́ńjìnnì tó rẹ̀. Ẹ wa ọkọ̀ náà fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láìtẹ búrékì púpọ̀, kí ẹ dúró, kí ẹ wá sún ọwọ́ mọ́ irin táyà kọ̀ọ̀kan láìfọwọ́ kàn án. Èyí tó bá gbóná ju àwọn yòókù lọ ló ń di ọkọ̀ mú. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń pariwo sí i lórí òkè tí eré kò sì pọ̀ sí i, tí òórùn jíjóná ń jáde, kíláàṣì ló ń yọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kan tẹ accelerator dé ìsàlẹ̀ pátápátá nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò ṣiṣẹ́, kí ẹlòmíì máa wo apá kékeré tí wáyà rẹ̀ ń fà lára pọ́ńpù. Bí apá náà kò bá lọ dé òpin, wáyà ti dẹ̀ tàbí kí káápẹ́ẹ̀tì máa dí ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Ìyẹn kò gba ju sípánà kan lọ láti tún ṣe.

Ó wá ku èéfín. Ẹ di ẹrù sẹ́yìn, kí ẹnì kan fi ọkọ̀ mìíràn tẹ̀ lé yín gun òkè, kó sì máa wo ẹnu sàlẹ́ńsà. Èéfín dúdú ń sọ pé dísẹ́ẹ̀lì pọ̀ ju afẹ́fẹ́ lọ. Èéfín funfun tó ń ta lójú ń sọ pé dísẹ́ẹ̀lì ń wọlé àmọ́ kò jóná tán. Èéfín aláwọ̀ búlúù jẹ́ ti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì. Èyí tí àwọn èèyàn kì í kà sí ni pé bí ọkọ̀ bá ń kú lórí òkè tí kò rú èéfín kankan, ebi ló ń pa á. Dísẹ́ẹ̀lì kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ tó.

Lójú tiwa, ibi tí ebi yìí ti ń wá ló yẹ kí ẹ lo àkókò yín jù. Ẹ fa dísẹ́ẹ̀lì díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ táǹkì sínú ìgò funfun, kí ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú. Bí omi bá wà níbẹ̀, ìsàlẹ̀ ni yóò dúró sí, ẹ ó sì rí ìlà tó pín in níyà. Dísẹ́ẹ̀lì inú kẹ́ẹ̀gì tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà ló sábà máa ń gbé omi àti ìdọ̀tí wá. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ awakọ̀: ṣé àìsàn náà ń wá lẹ́yìn ìrìn díẹ̀, tó sì máa ń lọ bí ọkọ̀ bá sinmi? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fura sí táǹkì. Pàǹtí inú rẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ ẹnu páìpù nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń fa dísẹ́ẹ̀lì, bí ẹ bá sì pa ọkọ̀, á rọra jábọ́. Ó sì lè jẹ́ ihò tí táǹkì fi ń mí ló dí. Ẹ ṣí ìdérí táǹkì lójú ẹsẹ̀ tí àìsàn náà bá dé. Bó bá fa afẹ́fẹ́ wọlé pẹ̀lú ariwo “ṣíì”, ẹ ti mú olè náà.

Ìdánwò kan wà tó ń pín ẹjọ́ sí méjì. Ẹ gbé kẹ́ẹ̀gì tó mọ́ tó ní dísẹ́ẹ̀lì tó dára sí ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì, jìnnà sí ibi tó gbóná, kí ẹ so ó dáadáa. Kí mẹkáníìkì gbé róbà láti inú rẹ̀ gba fílítà tuntun kọjá sí pọ́ńpù, kó sì dá róbà tó ń dá dísẹ́ẹ̀lì padà sínú kẹ́ẹ̀gì kan náà. Kó lo róbà tó mọ́ gaara láàárín fílítà àti pọ́ńpù. Bí agbára bá padà, táǹkì, páìpù tàbí fílítà àtijọ́ ló jẹ̀bi. Bí ìhó bá ń kọjá nínú róbà náà, afẹ́fẹ́ ń wọlé níbì kan, ó sì sábà máa ń jẹ́ ibi róbà tó ti gbó tàbí ẹnu bọ́tìnnì tí a ń fọwọ́ tẹ̀ lórí fílítà. Bí kò bá sí ìyàtọ̀ kankan, ẹ fi ọ̀nà dísẹ́ẹ̀lì sílẹ̀.

Ní ti afẹ́fẹ́, ẹ wo fílítà rẹ̀ lójú ara yín, pàápàá lásìkò ọyẹ́ tí eruku aṣálẹ̀ bo gbogbo nǹkan. Ẹ wo inú páìpù náà, torí eku fẹ́ràn ibẹ̀. Ó sì yẹ kí ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó mọ̀ pé Jos ga tó nǹkan bí mítà 1,200 ju ojú òkun lọ. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́, ẹ́ńjìnnì tí kò ní tàbò á sì pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, á sì rú èéfín dúdú díẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Ẹ dín ẹrù kù ni.

Bí gbogbo èyí bá mọ́, ó kan nọ́sù. Kí mẹkáníìkì jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́ẹ́, kó fi sípánà dẹ nọ́ọ̀tì páìpù nọ́sù kọ̀ọ̀kan díẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Kó má ṣe gbé ọwọ́ sí ibi tí dísẹ́ẹ̀lì ti ń tú jáde o. Agbára rẹ̀ lè gún awọ ara, ilé ìwòsàn sì ni ìyẹn. Sílíńdà tó bá ń ṣiṣẹ́, ohùn ẹ́ńjìnnì á yí padà bí wọ́n bá dẹ tirẹ̀. Èyí tí ohùn kò bá yí padà ló rẹ̀. Kí wọ́n gbé nọ́sù rẹ̀ sí sílíńdà mìíràn. Bí àìsàn náà bá tẹ̀ lé nọ́sù, nọ́sù ni. Bó bá dúró síbi tó wà, kí wọ́n wọn bí sílíńdà yẹn ṣe ń fún afẹ́fẹ́ mọ́lẹ̀ tó.

Ẹ má gbàgbé bẹ́líìtì timing. Òun ló ń yí pọ́ńpù, bó bá sì fo eyín kan, dísẹ́ẹ̀lì kò ní wọlé lásìkò mọ́. Ní kìlómítà 100,000 ni iná T-BELT máa ń tàn níwájú awakọ̀ pé ó tó pààrọ̀. Tọ́kùnbọ̀ tí ẹ kò mọ ìtàn rẹ̀, ẹ pààrọ̀ tirẹ̀ láìdúró de iná kankan.

Ìgbà yìí ni ẹ tó lè yọ pọ́ńpù. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ ìdánwò ni kí ẹ gbé e lọ, kó sì dán an wò níṣojú yín. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni yí síkúrù ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà kí dísẹ́ẹ̀lì lè pọ̀ sí i. Ọkọ̀ á sáré fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, á máa rú èéfín dúdú, ẹ́ńjìnnì á sì máa gbóná jù. Bí ẹ bá rí i pé èdìdì orí síkúrù náà ti já, ẹnì kan ti ṣáájú yín débẹ̀ nìyẹn, ẹ sọ fún ẹni tó fẹ́ dán an wò.