Ọmọ Èkó tí kò mọ erékùṣù

1/ Ẹ bi ọmọ Primary 2 ní Èkó pé kí ni island. Kíá ló máa kà á bí ẹni ń kọrin: “An island is a piece of land surrounded by water.” Ó gbà á. Ẹ wá ní kó dárúkọ ọ̀kan tó mọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn á bẹ̀rẹ̀ sí í wo àjà.

2/ Èyí tó bá gbìyànjú á ní Lekki. Rárá o. Orúkọ rẹ̀ gan-an ni Lekki Peninsula: ilẹ̀ tó yọ sínú omi, àmọ́ tí ìdí rẹ̀ ṣì so mọ́ ilẹ̀.

3/ Ẹ má bá ọmọ wí. Àwa àgbà la sọ “Island” di ọ̀rọ̀ owó l'Ékòó. Ẹni tó bá ní Island lòun ń gbé, a ti gbà pé nǹkan ń ṣẹnuure fún un. Bẹ́ẹ̀ Snake Island àti Tòmárò, erékùṣù pọ́nbélé ni, l'Ékòó yìí kan náà. Ọkọ̀ ojú omi làwọn ará ibẹ̀ ń wọ̀ jáde. Ta ló ń ka àwọn yẹn mọ́ “Island”?

4/ Mi ò ní kí wọ́n má kọ́ ọmọ l'óyìnbó o. Ṣùgbọ́n ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. A ní erékùṣù, a ní ọ̀sà, a ní òkun, a ní afárá. Kí ló dé tí ọmọ ò fi lè gbọ́ wọn ní kíláàsì?

5/ Ẹ̀yin tíṣà, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti Ìdúmọ̀tà. “Màmá ẹ máa ń lọ rajà níbẹ̀, àbí? Kí ló ń gbà débẹ̀?” Afárá. “Kí ni afárá ń ṣe níbẹ̀?” Omi ni! Ọdún 1901 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe Carter Bridge. Third Mainland Bridge tí wọ́n ṣí ní 1990 gùn ju kìlómítà 11 lọ. Orí erékùṣù ni màmá ẹ ti ń ra ọjà látọjọ́ yìí.

6/ Ó di ìgbà yẹn kí ẹ tó gbé ọmọ rìnrìn àjò. Kúbà, erékùṣù ni. Ibẹ̀ ni wọ́n kó ọ̀pọ̀ Yorùbá lọ lẹ́rú, wọ́n ṣì ń bọ Ṣàngó níbẹ̀ dòní. London tí àwọn àǹtí wọn já pa lọ, orí erékùṣù ló wà. Madagascar ló tóbi jù ní Áfíríkà, Greenland ló tóbi jù láyé.

7/ Ẹ tún wo máàpù ara ògiri. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, Greenland fẹ́rẹ̀ẹ́ tó Áfíríkà. Kò tó o rárá! Áfíríkà jù ú lọ ní bíi ìlọ́po 14. Ayé rí roboto, bébà tẹ́ pẹrẹsẹ. Tí wọ́n bá tẹ́ ayé sórí bébà, ohun tó wà lókè lápá àríwá á fẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ bó ọsàn kan, kí ọmọ gbìyànjú àtitẹ́ èèpo rẹ̀ sórí tábìlì. Kò ní gbàgbé.

8/ Ẹ má pè é ní ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ilẹ̀ Èkó ò ga, òkun sì ń ga sí i. Àwọn ará Maldives àti Tuvalu mọ̀ pé erékùṣù làwọn ń gbé, wọ́n sì ń pariwo rẹ̀ fáyé gbọ́. Ọmọ tiwa tí kò mọ̀ pé omi yí òun ká á da ọ̀rá sí gọ́tà. Tó bá dàgbà, á ra ilẹ̀ irà tí wọ́n fi yanrìn dí, kò ní béèrè ibi tí omi yẹn máa gbà.

9/ Bàsíà omi kan, òkúta kan láàárín rẹ̀. Ẹ̀kọ́ erékùṣù ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ̀yin òbí, tí gosiló bá dá yín dúró lórí afárá, ẹ gba fóònù lọ́wọ́ ọmọ, ẹ ní kó wo ìsàlẹ̀.