Ọ̀bẹ Dókítà Tàbí Ọbẹ̀ Ilé?

Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta kan láti Ṣàngó-Ọ̀tà wá bá mi ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, ìwé ilẹ̀ wọn wà nínú àpò tí ó gbé kọ́ apá. Ọkọ rẹ̀, tí ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé-iṣẹ́ kan níbẹ̀, kò lè rìn dé ibùdókọ̀ mọ́ kí àyà má fún un; bí ó bá dúró sinmi, yóò rọlẹ̀. Dókítà ní àwọn iṣan tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ bọ́ ọkàn rẹ̀ ti há. Àwọn ẹbí sì ti ṣèpàdé: kí wọ́n ta ilẹ̀, kí wọ́n gbé e lọ sí Íńdíà fún iṣẹ́ abẹ.

Ó ní: "Àǹtí, bí a bá ta ilẹ̀, kí ni àwọn ọmọ yóò jogún? Bí a kò bá sì tà á, ṣé wọn kò ní sọ pé èmi ni mo pa ọkọ mi?"

Èmi kì í ṣe dókítà. Ìmọ̀ oúnjẹ àti ìtọ́jú ilé ni mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n mo bi í léèrè: ǹjẹ́ dókítà sọ pé iṣẹ́ abẹ náà yóò fa ẹ̀mí ọkọ rẹ gùn, àbí ìrora ni yóò dín kù? Kò sí ẹni tí ó béèrè.

Iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ abẹ ọkàn. Ní 1967, ní Cleveland ní Amẹ́ríkà, René Favaloro fi iṣan ẹsẹ̀ la ọ̀nà mìíràn fún ẹ̀jẹ̀ yí ibi tí ó dí ká. Ní 1977, ní Zurich, Andreas Grüntzig fi bàlúù kékeré fẹ iṣan ọkàn láìla àyà. Kí ẹnikẹ́ni má fojú tín-ín-rín wọn. Bí iṣan àgbà ti apá òsì bá há, tàbí tí ọkàn ti rẹ̀wẹ̀sì, ọ̀bẹ lè gba ẹ̀mí là. Bí àyà bá sì ń dunni láìṣe iṣẹ́ kankan, tí kò lọ, tí òógùn tútù ń bò ènìyàn, ilé-ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Ẹ má ṣe dúró se àgbo.

Ti ẹni tí ó jẹ́ pé ìgbà tí ó bá ń ṣe wàhálà nìkan ni àyà ń dùn ún yàtọ̀. Ìwádìí kan tí wọ́n ń pè ní ISCHEMIA, tí èsì rẹ̀ jáde ní 2020, kó aláìsàn 5,179 jọ ní orílẹ̀-èdè 37. Wọn kò fi àwọn tí iṣan àgbà wọn há kún un. Gbogbo wọn lo oògùn, wọ́n sì gba ìmọ̀ràn lórí ìgbé-ayé. Wọ́n yára fi iṣẹ́ abẹ tàbí fífẹ iṣan kún ti apá kan. Lẹ́yìn bí ọdún mẹ́ta, iye ikú àwọn méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn tí àyà ń dùn lemọ́lemọ́ rí ìtura sí i lọ́dọ̀ oníṣẹ́ abẹ, ìyẹn náà kì í ṣe ohun kékeré.

Ibi tí mo ti ń bá àwọn obìnrin wa jà nìyí: bí wọ́n bá ti gbọ́ "oúnjẹ", wọn a da oògùn nù. Ẹ̀fọ́ kò lè rọ́pò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí èyí tí ń dín ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ kù.

Ní ti ìkòkò, iyọ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí iyọ̀ àgbàlagbà má tó gíráàmù 5 lóòjọ́, bí ṣíbí tíì kan. Iyọ̀ inú mágì wà nínú rẹ̀. (Odidi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ọkọ tèmi fi kùn nígbà tí mo dín in kù.) Ẹ jẹ́ kí mọ́ínmọ́ín rọ́pò àkàrà, kí ẹja rọ́pò ẹran ọlọ́ràá. Ẹni tí ń ṣiṣẹ́ òru, bí ẹ kò bá di oúnjẹ fún un, búrẹ́dì àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò ni yóò rà ní ẹnu géètì. Bí ó bá ń mu sìgá, kí ó jáwọ́: láàárín ọdún kan, ewu àìsàn yìí a dín kù sí bí ìdajì ti ẹni tí ń mu ún. Kí ó béèrè lọ́wọ́ dókítà bí ìrìn rẹ̀ yóò ti pọ̀ tó.

Obìnrin náà àti ọkọ rẹ̀ ti padà lọ béèrè. Dókítà ní kí wọ́n fi oògùn àti oúnjẹ bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n tún wá láìpẹ́. Bí ó bá di ọ̀ràn ọ̀bẹ lọ́la, wọ́n ti ń ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn rí ní Ìlíṣàn-Rẹ́mọ, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níhìn-ín, ní ilé-ìwòsàn Yunifásítì Babcock. Ibẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè. Ìwé ilẹ̀ ti padà sínú àpótí.